Ìbọn Àtijọ́ Tí Wọ́n Ṣẹ̀ṣẹ̀ Rọ

Àwa tí à ń bójú tó ohun èlò eré ní Ìbàdàn, yálà fún orí ìtàgé ní Yunifásítì tàbí fún àwọn tó ń ya fíìmù káàkiri Ring Road àti Challenge, ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ kan ilẹ̀kùn wa. Ẹni tó fẹ́ ṣe eré ogun ń fẹ́ kí ìbọn ọwọ́ òṣèré rẹ̀ jọ ti ogun náà gan-an. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì sí Bódìjà, tó fẹ́ràn ìtàn ogun, ń fẹ́ ọ̀kan tí yóò gbé kọ́ ara ògiri pálọ̀. Àwọn méjèèjì ti rí i pé àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà àti Ítálì ń rọ ẹ̀dà ìbọn sínáípà ayé àtijọ́, ìyẹn ìbọn onígíláàsì tí sójà fi ń lúgọ de ọ̀tá láti òkèèrè. Irin rẹ̀ tuntun, igi rẹ̀ tuntun, gíláàsì rẹ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ìrísí ọdún 1943 ló ní. Mọ̀lẹ́bí kan sì wà ní Houston tó ṣe tán láti bá wọn rà á. Ṣé kí wọ́n rà á? Èrò tèmi ni pé kí wọ́n má rà á. Mo mọ̀ pé òfin ni ọ̀pọ̀ yóò rò pé mo fẹ́ fi dẹ́rù bà wọ́n. Òfin ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti ní àbùkù kó tó kan òfin: ẹ̀dà ìbọn tó lè yìn ru gbogbo ẹrù tó wà lórí ìbọn, kò sì ní ẹyọ kan nínú ohun tó sọ ìbọn àtijọ́ di ohun iyì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ń dà kọ. Lee-Enfield No. 4 Mk I (T) ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe iṣẹ́ yìí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wọn kò dìídì rọ ọ́ lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń dán àwọn ìbọn No. 4 wò nílé iṣẹ́, wọ́n á ṣa àwọn tí ọta wọn kì í yà kúrò lójú ibi tí a kọ wọ́n sí, wọ́n á kó wọn lọ sí ilé iṣẹ́ Holland & Holland kí wọ́n lè de gíláàsì No. 32 mọ́ wọn, èyí tó ń fa ohun òkèèrè súnmọ́ ojú ní ìlọ́po mẹ́ta. Gíláàsì ìbọn kan kò ṣeé ṣàdédé yọ fún òmíràn, torí ìbọn àti gíláàsì ni wọ́n jọ ń tún ṣe títí wọ́n á fi bára mu. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń tẹ nọ́ńbà gíláàsì sára igi ìdí ìbọn, lókè ibi tí ọwọ́ ti ń dì í mú, tí wọ́n sì ń tẹ nọ́ńbà ìbọn sára irin tó gbé gíláàsì dúró. Ẹni tó bá mọ nǹkan yìí, ibẹ̀ lojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ, kó tó wo bí igi ṣe ń dán. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá bára mu, tí àmì T wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin rẹ̀, owó rẹ̀ á fò sókè. Bí wọn kò bá bára mu, ọjà á wọlẹ̀, ìbáà jẹ́ pé irin náà kò tíì dápàá kankan. Ohun tí olùrà ń sanwó fún níbẹ̀ ni ẹ̀rí pé ìbọn yìí gan-an la ṣà nílé iṣẹ́, pé òun la fún sójà, pé òun ló lọ tó sì bọ̀. Ẹ̀rí yẹn kò ṣeé rọ.

Ẹ wá wo ẹ̀dà. Ti Amẹ́ríkà ló gbajúmọ̀ jù. M1903A4 ni ilé iṣẹ́ Remington bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún àwọn sínáípà wọn ní 1943. Kò tilẹ̀ ní irin tí a fi ń ṣojú lẹ́nu, gíláàsì nìkan ni ẹni tó ń yìn ín gbójú lé. Láyé òde òní, Gibbs Rifle Company ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n sì de gíláàsì tuntun tó jọ ti ìgbà náà mọ́ ọn. Èmi kò bá wọn jà. Ẹ̀dà yàtọ̀ sí ayédèrú: ẹni tó ṣe ẹ̀dà sọ ohun tó ṣe, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ẹni tó ń fi òòlù tẹ nọ́ńbà èké sídìí ìbọn No. 4 lásán kí ó lè tà á ní owó (T) ni ká pè ní oníjìbìtì. Àǹfààní ẹ̀dà náà sì yé mi. Lọ́hùn-ún, ẹni tó ní ojúlówó ń ṣọ́ra láti yìn ín, torí bí igi tó ti lo ọgọ́rin ọdún bá là, kò sí ibi tí yóò ti rí irú rẹ̀. Ẹ̀dà ló máa ń gbé lọ sí pápá ìdíje, á yìn ín títí ilẹ̀ á fi ṣú, á nù ún, á gbé e padà sílé. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ẹ̀dà fún nìyẹn, kí ènìyàn lè yìn ín láìfoyà. Mú yíyìn kúrò níbẹ̀, ohun tó ṣẹ́kù ni irin àti igi tí kò rí ogun rí. Níbo wá ni ará Bódìjà fẹ́ ti yìn ín? Ṣé ní Agbowó ni, níbi tí yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ti fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, àbí nídìí Cocoa House ní Dùgbẹ̀?

Ibẹ̀ ni òfin ti wọlé. Òfin Ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 1959, pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Àwọn tó jẹ́ èèwọ̀ wà ní ìsọ̀rí kìíní, lára wọn sì ni ìbọn ológun tó ń jẹ ọta mìlímítà 7.62, mìlímítà 9, tàbí .300 ínǹṣì. Ààrẹ orílẹ̀-èdè ló lè fọwọ́ sí i kí aráàlú tó ní irú rẹ̀. Ìsọ̀rí kejì ni ìbọn aládàáni, bí ìbọn ọdẹ oníkatiríìjì, tí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ń fúnni níwèé àṣẹ rẹ̀. Ìsọ̀rí kẹta ni àwọn tí à ń ki láti ẹnu, ṣakabùlà àti ẹbí rẹ̀. Ẹ̀dà M1903A4 ń jẹ ọta .300, ẹ̀dà Mosin-Nagant ti Rọ́ṣíà ń jẹ 7.62. Ìsọ̀rí kìíní ni àwọn méjèèjì bọ́ sí tààrà. Ohun tí òfin náà sì kà sí ìbọn ni ohunkóhun tó ní ọ̀pá tí ọta lè gbà jáde láti pani, títí kan ẹ̀yà ara rẹ̀ tí a bá tú sílẹ̀. Pé ẹ̀dà ni kò yọ ọ́ níbẹ̀. Amòfin kan lè sọ pé ọta .303 tí Lee-Enfield ń jẹ kò sí nínú nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn. Bó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ìwé àṣẹ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ṣì ń dúró dè é, n kò sì mọ ọlọ́pàá tí yóò rí gíláàsì sínáípà lórí ìbọn kó wá gbà pé ọ̀yà ni wọ́n fẹ́ fi pa. Ọ̀nà tí yóò gbà wọlé ńkọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 2017, àwọn aṣọ́bodè gba ìbọn 661 nínú kọ̀ǹténà kan l'Ékòó. Ní 2024, 844 ni wọ́n bá nínú kọ̀ǹténà ní èbúté Onne. Lẹ́yìn irú èyí, kò sí aṣọ́bodè tí yóò fi ojú àánú wo ìbọn kan tí wọ́n kì sáàárín ìrẹsì àti aṣọ nínú dúrọ́ọ̀mù tó ń bọ̀ láti Houston. Amẹ́ríkà pàápàá ní ìwé àṣẹ tí a gbọ́dọ̀ gbà kí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ tó jáde nílùú wọn. Ní tiwa níhìn-ín, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10 ni Òfin Ìbọn là sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn èèwọ̀ mọ́ lọ́wọ́.

Àríyànjiyàn kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún ju ìyókù lọ. Àwọn tó mọ̀ nípa ìbọn á ní: Whitworth ńkọ́? Ìbọn Gẹ̀ẹ́sì ni, àwọn sínáípà ìhà Gúúsù ló lò ó nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Ihò ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́fà, ó sì ń lọ́ yípo láti ìdí dé ẹnu, tó fi jẹ́ pé ọta rẹ̀ ń lọ tó ìdajì máìlì kó tó ṣìnà. Wọ́n ní irú ìbọn yìí ló pa Ọ̀gágun John Sedgwick ní Spotsylvania ní 1864. Ilé iṣẹ́ Pedersoli ní Ítálì ń rọ ẹ̀dà rẹ̀. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sí i bí a ti ń ki ṣakabùlà. Kí ló dé tí kò fi ní lè wà ní ìsọ̀rí kẹta? Nínú ìwé, ọ̀rọ̀ náà dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ṣakabùlà ṣe dé ipò tó wà. Nígbà ogun Kírìjí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn tuntun rà gba Èkó, àwọn tí à ń ki láti ìdí, tí ọta wọn ń lọ jìnnà. Ṣakabùlà ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn kò lè dé ibi tí àwọn yẹn ti ń yìnbọn sí wọn, ojú Ìbàdàn sì rí tó. Kí ogun náà tó tú ká ní 1893, àwọn ìjọba aláwọ̀ funfun ti pàdé ní Brussels ní 1890, wọ́n fòfin de kíkó ìbọn tó dáńtọ́ wọ ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n wá yọ ìbọn olókúta tí kò ní ìlọ́ nínú ọ̀pá sílẹ̀ pé kí wọ́n máa tà á fún wa. Torí pé kò lè ràn jìnnà ni wọ́n ṣe gbà á láàyè. Lójú tèmi, èrò kan náà ló wà nídìí ìsọ̀rí kẹta òfin wa: ìbọn ọdẹ tó gbọ́dọ̀ súnmọ́ ẹran ni. Ẹni tó bá gbé Whitworth wọlé lábẹ́ agboòrùn ṣakabùlà lè rí amòfin tí yóò gbà á rò fún un, ṣùgbọ́n àgọ́ ọlọ́pàá ni yóò ti kọ́kọ́ rò ó. Ẹ̀tù rẹ̀ ńkọ́? Ilé ni yóò gbé e sí.

Ọ̀rọ̀ ohun tó ń bú gbàù nínú ilé kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn mọ́ ní Bódìjà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2024, ohun ìbúgbàù tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé kan dún ní Old Bodija. Ènìyàn kú, àwọn tó ju 70 lọ fara pa, ilé wó lu ilé, ìró rẹ̀ sì dé àdúgbò tó jìnnà réré. Mo mọ̀ pé ẹ̀tù inú agolo kan kò tó ohun tó dún lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, ẹ bi aládùúgbò èyíkéyìí ní Bódìjà lónìí bóyá ó fẹ́ kí ẹni tó bá a pín ògiri kó agolo ẹ̀tù pamọ́ nítorí ohun ọ̀ṣọ́.

Wọ́n á ní: ṣebí ara ògiri lásán ló fẹ́ wà, a ó yọ irin tó ń ṣá ìdí ọta kúrò, kò ní lè yìn mọ́. Àwọn àgbà ti dáhùn tipẹ́: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú ìbọn kọ òun? Ọlọ́pàá tó bá wọ pálọ̀ kò ní tú u palẹ̀ kó tó mú onílé. Olè tó yọjú lójú fèrèsé kò mọ̀ pé nǹkan kan ti kúrò lára rẹ̀, bó bá sì jí i gbé, irin kékeré tí a yọ yẹn kò ṣòro láti rọ fún ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i. Ẹ̀dà kò sì ń pani díẹ̀. Ìbọn tó pa Halyna Hutchins, ayàwòrán fíìmù Rust, ní New Mexico ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá 2021, ẹ̀dà ni: ìbọn ìléwọ́ tí ilé iṣẹ́ Pietta ní Ítálì ṣe ní àwòṣe ti ayé àwọn adaran màlúù Amẹ́ríkà. Eré ni wọ́n ń ṣe. Kò sí ẹni tó rò pé ọta gidi wà nínú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ sì dẹ́bi fún ẹni tó ń tọ́jú ìbọn eré náà, ó lọ sẹ́wọ̀n. Gbogbo wa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí ló yẹ kí a máa rántí pé lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ọwọ́ ẹni tó kó ohun èlò wá ni wọn yóò kọ́kọ́ wò.

Àwọn oníṣòwò á ní ìbọn àtijọ́ ń gbówó lórí. Ojúlówó ló ń gbówó lórí. Ẹ̀dà tó jáde nílé iṣẹ́ lánàá, tí wọ́n ṣì lè tún ṣe òmíràn lọ́la, kí ni yóò gbé owó rẹ̀ sókè? Ta ni yóò sì rà á lọ́wọ́ ẹni ní Ìbàdàn ní gbangba? Ní ti àwọn tó ní ààbò ilé làwọn ń rò, ẹ jọ̀ọ́, gíláàsì tí wọ́n ṣe láti fi wo ènìyàn lódìkejì àfonífojì kò wúlò fún ẹni tí olè dúró sí lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀.

Ti ẹni tó fẹ́ ya fíìmù ló yẹ ká fara balẹ̀ dáhùn, torí ohun tó ń wá dára. Ó fẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò mọ ohun tó wà nínú ihò ìbọn. Ìró ìbọn, yàrá àtúntò ni wọ́n ti ń fi sí i; iná ẹnu ìbọn pàápàá, kọ̀ǹpútà ló ń tàn án báyìí. Ohun tí ojú òǹwòran ń rí ni pákó kékeré tí wọ́n fi ìdè kàn mọ́ ìdí No. 4 (T) kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè fara tì í, tó jẹ́ pé ìbọn No. 4 tó kù kò ní in. Ó ń rí okùn àgbékọ́ tó ti gbó lójú ibi tó ń gba èjìká. Ó ń rí ibi tí ọ̀rá ọwọ́ ti mú igi dúdú lọ́rùn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ń rí bí ó ṣe wúwo: pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀, ìbọn yẹn ju kílò 5 lọ, òṣèré tó bá gbé igi fúyẹ́fúyẹ́ yóò máa rìn bí ẹni tó gbé ọ̀pá ìgbálẹ̀. Gbogbo èyí ni gbẹ́nàgbẹ́nà Ìbàdàn lè ṣe. Igi apá dára fún ìdí rẹ̀, ó pọ́n, ó sì wúwo. Èyí tí wọ́n yóò jù sílẹ̀ tàbí gbé sáré ni kí wọ́n fi ọmọ̀ gbẹ́. Fún ọ̀pá rẹ̀, irin gbọnrangandan ni kí wọ́n lò, èyí tí kò níhò, kí wọ́n kàn lu ẹnu rẹ̀ wọlé bí ìwọ̀n èékánná, kí wọ́n kùn ún dúdú. Páìpù ni ọ̀pọ̀ máa ń fi ṣe é nítorí pé ó rọrùn láti rí. Mo kọ̀ ọ́. Ohun tó níhò látòkèdélẹ̀, ẹnìkan lè sọ ọ́ di ohun tó ń yìn, nígbà náà a ti rọ ìbọn láìmọ̀. Irin tí kò níhò kò lè di nǹkan kan láéláé, ó sì ń fún wa ní ìwúwo tí a ń wá.

Kí ẹni náà tiẹ̀ tún bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ìbọn sínáípà ni ìtàn rẹ̀ ń fẹ́. Bó bá jẹ́ eré Kírìjí, tàbí ti àwọn Àgbẹ́kọ̀yà tó dojú kọ ọlọ́pàá ní 1968 àti 1969, ṣakabùlà ló yẹ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bó bá jẹ́ eré ogun Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ pé mo ṣe àṣejù, torí àwọn ọmọ wa jà níbẹ̀ lóòótọ́, Lee-Enfield sì wà lọ́wọ́ wọn. Bárékè Letmauk tó wà ní Mọ́kọ́lá, ìlú kan ní Bọ́mà ni wọ́n fi sọ ọ́, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti jà. Àmọ́ nínú igbó tó dí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ló ń fi orí ru ẹrù gba orí òkè. Ẹ wo Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrẹ́-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, tó wọ iṣẹ́ ogun ní ọmọdé, tí wọ́n fi sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Àwọn ará Japan ká wọn mọ́ létí odò Kaladan ní 1944, ọta bà á lẹ́sẹ̀ àti níkùn, òun àti ọmọ Sierra Leone kan sì wà ní ìpamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án lọ́wọ́ àwọn ará abúlé tí kò mọ̀ wọ́n rí, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó kú ní 2012. Nínú gbogbo ìtàn yẹn, kò sí ìbọn tó gbà á sílẹ̀. Owó tí ẹnìkan fẹ́ fi ra ẹ̀dà láti Houston, bó bá ná ìdajì rẹ̀ lórí wíwá ìwé, fọ́tò àti àwọn ọmọ àwọn tó lọ sí Bọ́mà ní ìgboro Ìbàdàn níbí, eré rẹ̀ yóò ní òótọ́ tí irin kò lè fún un. Bàbá Bódìjà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀: fọ́tò sójà kan tí a mọ orúkọ rẹ̀, máàpù Kaladan, ìbọn onígi kan nísàlẹ̀ wọn tí a kọ orúkọ agbẹ́gi sí.

Onígi pàápàá ní ìlànà tirẹ̀, torí lókèèrè kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti gidi. Kí olóṣèré kọ lẹ́tà sí àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò tí wọ́n ti fẹ́ ya fíìmù kí ọjọ́ tó pé, kó fi fọ́tò ohun èlò kọ̀ọ̀kan àti iye wọn sí i, kí ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n ti lù ní òòtẹ̀ wà lọ́wọ́ awakọ̀. Inú àpótí tó ní àgádágodo ni kí wọ́n wà nínú bùútù, kí wọ́n má sí lórí ìjókòó, pàápàá lálẹ́ ní ojú ọ̀nà Challenge sí Toll Gate. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa pín wọn fún òṣèré, kó sì máa kà wọ́n gbà. Bí wọ́n bá gbé mẹ́wàá jáde tí mẹ́sàn-án padà, kí iṣẹ́ dúró títí wọ́n á fi rí ẹ̀kẹwàá.